Oríkèé Kẹtàdínlógún

Ọjọ́ tí mo bọ́ ìbòjú ìjórin sílẹ̀ tí mo mú bírò, àwọn ẹgbẹ́ mi nínú ọgbà irin fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ẹnu fi rẹ̀ wọ́n. Ọ̀kan ní kí n rọra di bírò náà mú, pé kì í ṣe irin, pé yóò ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Òmíràn ní òun ti rí i pé ìdí mi ń fẹ̀, pé àga ọ́fíìsì ló ń pè é. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ìdí tó ti fi ọdún mọ́kànlá jókòó lórí irin gbígbóná, tìmùtìmù kò lè bà á jẹ́ mọ́.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n ní nítorí ojú iṣẹ́ mi ni, pé bí mo bá jó irin mọ́ irin, ó máa ń tẹ̀léra wẹ́kú bí ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ. Irọ́ ni. Nítorí ẹnu mi ni.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni ọ̀gá àwa ajórin, ọkùnrin gíga kan tí iná ti jó irùngbọ̀n rẹ̀ lápá kan tí kò hù mọ́. Kò-Sí-Wàhálà ni orúkọ tí a sọ ọ́. Bí òrùlé bá ń wó lé e lórí, yóò ní kò sí wàhálà, ṣebí ojú ọ̀run ṣì wà lókè. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń di ọwọ́ mú kó má gbọ̀n, bí a ṣe ń gbọ́ ọ nínú ariwo iná pé irin ti ń yọ́ bó ṣe yẹ, àti bí a ṣe ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ̀ bóyá ẹlẹ́tíróòdù, ọ̀pá tín-ín-rín tí à ń yọ́ láti so irin pọ̀, ti gbẹ. Ẹ fi ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí sọ́kàn. Mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ọ̀lẹ kọ́ ló lé mi kúrò nídìí iná. Orúnkún mi ló kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúnkún nìkan. Ìbéèrè kan ló ń rìn mí lára bí èèrà. Ajórin kì í rí inú iṣẹ́ ara rẹ̀. Òkè ló ń rí. Á gbá ìdàrọ́ kúrò, èyí ni èèpo dúdú tí iná máa ń fi sílẹ̀, á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́ títí yóò fi máa dán, á sì kọjá sí òmíràn. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi so páìpù pọ̀ tí n kò mọ ohun tó wà nínú ohun tí mo so. Ẹni kan ṣoṣo ló mọ̀ nínú gbogbo ọgbà náà, ìyẹn ayẹṣẹ́wò, ẹni tó ń wo iṣẹ́ wa kó tó kúrò lọ́wọ́ wa. Òun nìkan ló lè sọ pé "ó mọ́" tàbí "gé e kúrò", kí ọ̀gá ńlá pàápàá sì panu mọ́.

Bàbá Awò-Méjì la ń pe ayẹṣẹ́wò wa. Awò ojú kan fún ọ̀nà jíjìn, ó máa ń wà níwájú orí rẹ̀. Èkejì fún ìwé, ó wà lórí imú. Bí ọ̀rọ̀ bá le gan-an, á fi ọ̀kan lé èkejì. Inú kọntéénà kan lẹ́bàá géètì ló ń ṣiṣẹ́, ó fi aṣọ dúdú bo fèrèsé. Mo yá ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Mo kà á nínú ọkọ̀, mo kà á nínú ilé ìwẹ̀, mo kà á títí mo fi mọ ibi tó ti ṣìṣe nínú ojú ewé ọgọ́rùn-ún. Mo lọ bá a, mo fi àṣìṣe náà hàn án. Ó ní, "Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ní ìwé yìí." Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló kọ orúkọ mi ránṣẹ́ fún ìdánwò.

Mo yege. Mo wá di ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ nínú kọntéénà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù kí wọ́n tó fún mi ní òǹtẹ̀ tèmi: kí n dá nìkan wo gbogbo oríkèé páìpù kan, ìyẹn ibi tí a ti jó páìpù mọ́ páìpù, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí n kọ ìròyìn rẹ̀, kí Bàbá sì fọwọ́ sí i.

Páìpù náà jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ kan tó fara ti ọgbà wa, ibẹ̀ la sì ti jó o. Ooru omi ló máa gba inú rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń se ọṣẹ, ogójì oríkèé ni, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ tan án. Wọ́n ti ta ẹ́kísíréè sí oríkèé kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń ta á sí àyà ẹni tó ń húkọ́, fíìmù ogójì sì wà níwájú mi. Mẹ́fà nínú wọn, èmi fúnra mi ni mo jó wọn, kí n tó wọ kọntéénà.

Mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi wo mẹ́fà yìí. Kò yẹ kí n ṣe adájọ́ ara mi."

"Èmi á wò wọ́n lẹ́yìn rẹ. Kọ́kọ́ wò wọ́n ná. Ẹni tí kò lè wo ara rẹ̀, kí ló fẹ́ rí lára ẹlòmíràn?"

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí ẹ̀wù nù ún. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Àwa méjèèjì la mọ̀ pé ojú náà ti ń rẹ̀, òun ló ṣe ń wá ẹni tó máa gba ipò rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. A kì í sọ ọ́ jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo jókòó ti àpótí oníná tí a fi ń wo fíìmù. Bí fíìmù ṣe ń sọ̀rọ̀ kò le: ibi tí irin bá ti nípọn á mọ́, ibi tí ihò bá wà nínú irin á dúdú. Ìkíní mọ́. Ìkejì mọ́. Nígbà tí mo dé orí ti ara mi, ìkejìlá, inú mi ń dùn bí ẹni tó ń wo àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀. Ó mọ́ tónítóní. Ìkẹtàlá, ìkẹrìnlá, ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ìkẹrìndínlógún. Mo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lémi nìkan nínú òkùnkùn.

Mo wá gbé ìkẹtàdínlógún lé iná.

Ó dà bí ìgbà tí èèrà gun aṣọ funfun. Àmì dúdú wẹ́wẹ́, wọ́n kóra jọ sí igun kan, wọ́n ń ti ara wọn. Mo kà wọ́n dé mẹ́tàlélógún, mo ṣíwọ́ kíkà. Mo wo ìsàlẹ̀ fíìmù, níbi tí nọ́ńbà ajórin máa ń wà. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nọ́ńbà mi ni.

N kò ní láti wo ìwé kí n tó rántí ọjọ́ tí mo jó o. Ọjọ́ ìdánwò ni.

Ohun tí ẹni tí kì í ṣe ajórin kò mọ̀ nìyí. Ẹlẹ́tíróòdù tí à ń yọ́ sáàárín irin, ó wọ ẹ̀wù kan bí ẹfun, ẹ̀wù náà sì máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́ bí ilẹ̀ ọ̀dá. Nítorí náà, inú àpótí gbígbóná ló ń gbé títí a ó fi lò ó. Bó bá ti pẹ́ níta, omi tó mu á di afẹ́fẹ́ nínú iná, afẹ́fẹ́ á há sínú irin, á sì di ihò. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, òjò winniwinni ń rọ̀. Mo kó ẹlẹ́tíróòdù ìdì kan jáde lẹ́ẹ̀kan náà kí n má baà máa lọ máa bọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti wà lórí pákó fún wákàtí mẹ́rin. Aago méjì ni ìdánwò. Oríkèé kan ló kù. Àpótí gbígbóná wà ní ìpẹ̀kun ọgbà, ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún ní àlọ, márùn-ún ní àbọ̀.

Mo mú ọ̀kan, mo fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe nìyẹn, bí ọ̀gá wa ṣe kọ́ wa: bí kò bá tutù ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gbẹ. Kò tutù. Mo jó oríkèé náà, mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ó ń dán. N kò tíì jó èyí tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo sáré lọ síbi ìdánwò. Àárín ọjọ́ kan náà ni mo ṣe iṣẹ́ tó burú jù láyé mi, tí mo sì kọ ìwé pé mo mọ iṣẹ́ tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Ìbéèrè kẹsàn-án gan-an, lórí ẹlẹ́tíróòdù tó fa omi ni. Mo dáhùn rẹ̀ dáadáa.

Òfin ọgbà wa lórí èyí kò gùn. Ọmọ ẹ̀kọ́ ayẹṣẹ́wò tí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ bá kùnà láàárín oṣù mẹ́fà, á padà sídìí iná fún oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tún bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́fà. Bàbá Awò-Méjì ń lọ lẹ́yìn mẹ́rin. Ẹni tó bá gba ipò rẹ̀ á mú ọmọ tirẹ̀ wá.

Ibi tí mo jókòó sí nìyí tí Kò-Sí-Wàhálà fi ti ilẹ̀kùn wọlé, tó ní òun wá béèrè bóyá ọjọ́ Ẹtì dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí mi, ó wo fíìmù.

"Ìdọ̀tí nìyẹn," ó ní.

"Ọ̀gá, ìdọ̀tí wo ló jẹ́ mẹ́tàlélógún?"

"Ìwọ lo lọ ń kà á. Ẹni tí kò bá kà á, á rí ẹyọ kan." Ó fa àpótí kan, ó jókòó. Ohùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. "Fíìmù máa ń ní àbàwọ́n ara tirẹ̀. Wọ́n á fọ̀ ọ́, omi á kán sí i. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá yẹn ò lè rí i. Bí mo bá wọlé báyìí, orúkọ ìyàwó mi ló máa fi kí mi."

"Ihò ni, ọ̀gá mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ihò ni."

"Mo mọ̀. Ṣé gbogbo ihò ló ń pani? Èmi nìkan ti ní ihò tó lè gba ìlú méjì nínú àwọn páìpù tó wà káàkiri, wọ́n ṣì ń gbé omi." Ó ń fi ìka pa ibi tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò hù. "Abẹ́rẹ́, gbọ́. Nínú gbogbo ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́, ìwọ nìkan ló wọ yàrá yìí wá jókòó. Àwa yòókù, ìbáwí la máa ń wá gbà níbí, ìdúró la sì máa ń gbà á. Má fi ọwọ́ ara ẹ lé ara ẹ jáde. Kò sí wàhálà."

Ó jáde. Bó bá jẹ́ ìhàlẹ̀ ló fi wá ni, ǹ bá ti dá a lóhùn, ẹnu mi kì í bẹ̀rù ọ̀gá. Ìfẹ́ ló fi wá. Ìfẹ́ ò ṣeé bú.

Mo ti fíìmù náà sínú àpò rẹ̀, mo lọ sílé láìkọ nǹkan kan.

Aránṣọ ni ìyá mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lójú fèrèsé, òun fúnra rẹ̀ ń tú ojú ṣòkòtò kan tó ti rán tán. Ó fi abẹfẹ́lẹ́ ń já òwú náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ojú rẹ rí bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sínú omi."

"Ó rẹ̀ mí ni, Màmá. Kí lẹ ń tú?"

"Ìdí ṣòkòtò. Òwú tó ti gbó ni mo fi rán an, n kò tètè rí i."

Mo mú ṣòkòtò náà, mo wò ó. Ìrán rẹ̀ gún régé. "Ta ló máa mọ̀? Inú ló wà. Ẹni tó ni ín ò ní rí i."

"Inú kọ́ ni ara ń wọ̀?" Ó gba ṣòkòtò rẹ̀ lọ́wọ́ mi. "Òde jẹ́ ti ẹni tó ń wò ó. Ọkùnrin tó ni ṣòkòtò yìí máa ń gun àkàbà káàkiri. Ṣé o fẹ́ kó já mọ́ ọn nídìí lójú àna rẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín. Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́, n kò sì sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mi ò rí ojú oorun, mo ń ro ẹni tó máa wọ páìpù mi.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, mo gba ilé iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ lọ kí n tó dé ọgbà. Mo wá oríkèé kẹtàdínlógún rí lókè. Ó ń dán láàárín àwọn yòókù bí eyín tuntun. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni tábìlì tí wọ́n ti ń di ọṣẹ sínú páálí. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó síbẹ̀, ó ti fi báàgì rẹ̀ kọ́ irin tó gbé páìpù dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà."

"Ẹ kú àárọ̀, ọmọ mi. Ẹ̀yin lẹ ṣe é?" Ó nawọ́ sókè. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdí ẹ̀rọ ni mo ti ń jókòó tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo gbọ́ pé nǹkan gbígbóná máa gba ibí kọjá, mo ní kí wọ́n sún mi wá. Ibí á máa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Egungun mi ti ń ké gbàjarè láti ìgbà òtútù."

Mo tún wo oríkèé náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo kí i pé ó dàbọ̀.

Nígbà tí mo dé kọntéénà, n kò bọ́ báàgì mi lọ́rùn kí n tó kọ ọ́. Oríkèé kẹtàdínlógún: kò gbà. Irú àléébù: ihò, ju ogún lọ. Nọ́ńbà ajórin: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àyè kan wà nísàlẹ̀ fún ìdí. Àwọn ayẹṣẹ́wò kì í sábà kọ nǹkan síbẹ̀ torí wọn kò sí níbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. Èmi wà níbẹ̀. Mo kọ ọ́: ẹlẹ́tíróòdù pẹ́ níta fún wákàtí mẹ́rin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ajórin fi dán an wò, ajórin ń kánjú.

Mo wo fíìmù tó kù títí dé ogójì, gbogbo wọn mọ́, mo sì gbé ìròyìn náà fún Bàbá. Ó kà á, ó gbé awò kan lé èkejì, ó tún un kà. Mo retí pé yóò yìn mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi, mo retí rẹ̀ lóòótọ́.

"Ta ló fọwọ́ sí ojú òkè oríkèé yìí lọ́jọ́ tí o jó o?" ó bi mí.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Mo wò ó, mo ní ó lẹ́wà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá ńlá, mo ní ẹni tí mo fẹ́ mú nìyí." Ó ju ìwé náà sórí tábìlì. Inú ń bí i. "O ti kọ èmi náà mọ́ ọn. O mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò rò ó dé ibẹ̀, sà."

"Ó yẹ kí o rò ó. Ká ní o rò ó, ṣé o máa kọ ọ́?"

Mo rò ó níwájú rẹ̀. Kò yá.

"Màá kọ ọ́," mo ní. "Ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ sọ fún yín."

Ó mú bírò, ó fọwọ́ sí i, ó sì nawọ́ sí ilẹ̀kùn. "Lọ wá ìbòjú rẹ."

Ọwọ́ mi náà ni mo fi gé oríkèé náà kúrò ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Àwọn ẹgbẹ́ mi dúró yí mi ká, wọ́n ń wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tó jábọ́ lórí igi. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ìdí mi níjọ́sí ní àga ọ́fíìsì mà ti lé ìdí kúrò. Mo ní àga kò lé mi, èmi ni mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Nígbà tí òrùka irin náà já bọ́ sílẹ̀, mo là á sí méjì, mo gbé e kiri fún wọn. Ihò kún inú rẹ̀ bí búrẹ́dì. Kò sí ẹni tó tún rẹ́rìn-ín. Kálukú wọn ń wo ọwọ́ tirẹ̀, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń rò, torí gbogbo wa la ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Mo jó òmíràn. Mo rin ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, márùn-ún bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Orúnkún mi ń sọ̀rọ̀, mo jẹ́ kó máa sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀ ni fíìmù rẹ̀ dé. Bàbá ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, mo dúró síta nínú oòrùn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó pẹ́ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ. Mo ti dúró síbi yìí rí láìmọye ìgbà, ẹnu mi á sì máa bú ẹni tó wà nínú yàrá pé kí ló ń wò. Mo ti mọ ohun tó ń wò báyìí. Ó ń wá èèrà lára aṣọ, ojú rẹ̀ sì ń dùn ún. N kò bú u.

Ó yọjú. Awò ojú méjèèjì wà lórí imú rẹ̀.

"Ó mọ́."

"Ẹ ṣé, sà."

"Oṣù mẹ́fà kò yí padà."

"Mo mọ̀, sà."

"Mẹ́rin ló kù fún mi. N kò lè ṣèlérí ohun tí ẹni tó ń bọ̀ máa ṣe." Ó wo ilẹ̀, ó wo géètì. "Ṣé ẹ̀yin ajórin ṣì máa ń jẹun ọ̀sán?"

"A máa ń jẹ ẹ́."

"N kò rí òfin tó ní kí ẹ má jẹ ẹ́ nínú kọntéénà mi. Ṣùgbọ́n kí o fọ ọwọ́ kí o tó kan fíìmù."

Wọ́n tan páìpù náà lọ́jọ́ Ẹtì. Kò-Sí-Wàhálà kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Ọjọ́ Ajé ló dúró níwájú àpótí gbígbóná, ó ní láti òní lọ, ẹlẹ́tíróòdù mẹ́rin-mẹ́rin ni kí kálukú máa mú, ẹni tí òun bá sì rí tó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, òun á fi èyí tó gbóná kan án níbẹ̀. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn bi í pé ta ló kọ́ wa ní ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ gan-an.

"Ẹni tí kò ní ẹ́kísíréè ni," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo mú ìlàjì òrùka irin náà lọ sílé. Ìyá mi ń gé aṣọ lórí tábìlì, fáànù ń gbé etí aṣọ náà sókè. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí òjò dé orí ìyá tó ń di ọṣẹ. Ó gba irin náà lọ́wọ́ mi, ó yí i sí ojú iná, ó ń fi orí ìka wá àwọn ihò náà kiri.

"Èyí ló gba oṣù mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ?"

"Òun ni, Màmá."

"Ó kéré," ó ní. Ó gbé e lé etí aṣọ kí fáànù má baà gbé e mọ́, ó sì ń gé aṣọ rẹ̀ lọ.